Ìdajì Tó Wà Lábẹ́ Aṣọ

Ìyá tó máa ń gbé òwú àti bọ́tìnnì káàkiri ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Kò tíì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tán tó fi pariwo pé, "Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ télọ̀ ṣe?" Bó ṣe ń sọ ọ́ ni inú ń bí i, bí inú sì ṣe ń bí i ni inú ń bí èmi tí mò ń gbọ́. Nígbà tó yá, mo lọ bá télọ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe lọ nìyí.

Télọ̀ yìí, obìnrin ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀. Máṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì ìgéṣọ tó gba àyè jù, áyọ́ọ̀nù kan tí wáyà rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra, àti dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, tí wọ́n á sì máa sọ pé aṣọ ló fún, kì í ṣe pé àwọn ló sanra sí i. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ojú ọ̀nà ló sì sábà máa ń wà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Abẹ́rẹ́, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ni ọmọ yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rá, ẹsẹ̀ tábìlì yẹn náà ló dì mú tó fi dìde dúró. Kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ ló ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ.

Ọmọ tó lóye ni. N ò sọ pé òun ló máa ń gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é ní òmùgọ̀ rí. Àfi ìgbà tó dé kíláàsì tíṣà kan báyìí, tí àwọn ọmọ ń pè ní Bírò Pupa, nítorí bírò pupa kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, àní bó bá ń jẹun. Sáà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ìwọ̀n, ìyẹn àwọn ìṣirò bíi fífa okùn yí ilẹ̀ ká, wíwá bí yàrá ṣe tóbi tó àti gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀, ni nǹkan dojú rú. Bírò pupa wá mú kí ìwé Abẹ́rẹ́ pọ́n bí ẹyinná.

Bírò Pupa ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ. Àga kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tíṣà, àpò tíṣà ló sì jókòó sórí rẹ̀. Òòró ni télọ̀ dúró.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa," ni Bírò Pupa wí. "Orí ọmọ yín ò gba ìṣirò."

"Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, kí ló ń ṣì níbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

"Gbogbo ẹ̀, báwo?"

"Gbogbo ẹ̀, gbogbo ẹ̀. Kí ni ẹ tún fẹ́ kí n wí?"

Ó na ìwé sí i. Ó ti kọ ọ́ gàdàgbà sí òkè rẹ̀ pé: OLÓDO. Kò fi bò. Kò tijú. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Bírò Pupa náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Télọ̀ wá gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé eruku wọlé, lọ́tọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dorí kodò. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́!

Ní ọ́fíìsì, màdáámù ọ̀gá ilé ìwé sọ ọ́ ní kedere. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, bó bá sì ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ló ti ń wo ẹni tó kàn. Ó ní bí Abẹ́rẹ́ bá fìdí rẹmi nínú ìṣirò ní ìdánwò ìparí sáà, wọ́n á dá a padà sí kíláàsì tó ti jáde.

Lálẹ́, bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà sọ tirẹ̀.

"Màámi, tí wọ́n bá dá mi padà, mi ò lọ mọ́."

"O ò lọ ibo?"

"Ilé ìwé. Mi ò lè jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọdé yẹn. Màá máa bá yín ránṣọ."

Kò sunkún, kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló já ìyá rẹ̀ láyà. Kò sí ohun tó ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́, òun ló fi ń jẹ, òun ló fi ń mu. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá máa jókòó ti máṣíìnì, kó jẹ́ pé ó fẹ́ ẹ ni. Kó má jẹ́ pé wọ́n lé e wá sídìí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lé ewúrẹ́. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní nínú ara rẹ̀ pé kò ní í ṣẹlẹ̀, lójú òun kọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ náà ní ìṣirò nìyẹn. Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹni tó bá ń wá olùkọ́ ládùúgbò ló máa mọ̀ pé gbogbo ayé ló mọ olùkọ́. Onígbàjámọ̀ ní àbúrò òun mọ ìṣirò bí ẹni jẹ ẹ́, àbúrò dé, ó béèrè bóyá télọ̀ lè bá òun dín ṣòkòtò kù, kò sì padà wá. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní wàhálà ò sí, ọkùnrin kan wà nínú fóònù tó ń kọ́ gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Télọ̀ gbé fóònù ti páálí òwú, Abẹ́rẹ́ jókòó síwájú rẹ̀. Ọkùnrin inú fóònù ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ó ní "ó yé wa báyìí," kò sì dúró gbọ́ ẹni tí kò yé.

Wọ́n wá júwe Purofẹ́sọ̀ fún un. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ nìyẹn. Pálọ̀ rẹ̀ ló ti ń ṣe lẹ́sọ̀nù ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ kún ibẹ̀ dé orí apá àga, àwọn kan jókòó sílẹ̀, àwọn kan jókòó sórí àwọn tó jókòó sílẹ̀. Purofẹ́sọ̀ á kọ ìṣirò sí pátákó, á kọ ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn á sì ké e jáde lẹ́ẹ̀kan náà débi pé àwọn tó ń kọjá ní títì á yà wò ó. Ẹ̀rù rẹ̀ ba télọ̀, ó sì tún wù ú. Ó rò pé ibi tí ariwo bá ti tó báyìí, ìmọ̀ ní láti wà níbẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ àṣetiléwá Abẹ́rẹ́ wá ń tọ̀nà? Bírò Pupa ń fa àmì "ó gbà á" sí i lójoojúmọ́, inú ìyá ń dùn, ó tilẹ̀ rán bùbá kan fún ìyàwó Purofẹ́sọ̀ láti fi dúpẹ́. Àfi ìgbà tí Bírò Pupa fún wọn ní ìdánwò kékeré. Òdo ni. Ó tún kọ OLÓDO, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Télọ̀ gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó dorí kọ ilé Purofẹ́sọ̀. Ó bá a lórí àga, ó na ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ tí ọmọ mi ń gbé wálé, tí gbogbo ẹ̀ ń tọ̀nà, ta ló ń ṣe é?"

"Gbogbo wa la jọ ń ṣe é."

"Gbogbo yín, àbí ẹ̀yin?"

"Ìyá, èmi á kọ ọ́ sí pátákó, àwọn á dà á kọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìṣirò nìyẹn."

"Wọ́n á dà á kọ! Ṣé ẹ bi í rí pé báwo lo ṣe ṣe é? Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

Purofẹ́sọ̀ fẹ̀yìn tì. "Pẹ̀lú èrò tó wà nínú pálọ̀ yìí? Èwo ni n óò bi? Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ yín, tẹ́ ẹ bá gbọ́ òótọ́, bí ògiri lorí ẹ̀ ṣe rí."

"Kí ni ẹ pe orí ọmọ mi?"

"Ẹ má bínú o, àfiwé ni."

"Ẹ lọ fi orí yín ṣe àfiwé! Ọmọ tí ẹ ò mọ bó ṣe ń ronú, tí ẹ ò mọ̀ bóyá apá ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé tàbí apá òsì, ẹ̀yin lẹ wá ń sọ ohun tí wọ́n fi mọ orí ẹ̀? Abẹ́rẹ́, gbé báàgì ẹ. Ariwo lásán ni wọ́n ń pa níbí, ìyẹn a sì lè pa fúnra wa nílé."

Ìyàwó Purofẹ́sọ̀ yọjú láti kíṣìnì, ó wọ bùbá tuntun náà. Télọ̀ wò ó, ó kọjá.

Ìyá oníbọ́tìnnì ló wá sọ̀rọ̀ màmá àgbà kan fún un, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Kí-Nìdí. Ó ní àwọn òbí kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ó lè fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan jókòó ti ìṣirò kan ṣoṣo, bí ọmọ bá sì gbà á, á ní kí nìdí tó fi gbà á, bó bá ṣì í, á ní kí nìdí tó fi ṣì í. Àwọn ènìyàn ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Télọ̀ ní, "Ẹni tí yóò bi ọmọ mi ní nǹkan ni mò ń wá. Mú mi lọ."

Màmá náà ga, ó tẹ̀ díẹ̀, ó fi òwú so apá gíláàsì ojú rẹ̀. Kò wo ìwé tí télọ̀ gbé lé e lọ́wọ́. Ó fún Abẹ́rẹ́ ní àga gíga, òun jókòó sórí àpótí, débi pé ọmọ náà ní láti wolẹ̀ kó tó rí i. Ó ka ìṣirò kan fún un. Ọgbà kan gùn ní mítà méjìlá, ó fẹ̀ ní mítà mẹ́jọ. Mítà wáyà mélòó ni wọ́n fẹ́ fi yí i ká?

"Ogún," ni Abẹ́rẹ́ wí kíá.

"Kí nìdí?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ rẹ̀. Ní kíláàsì rẹ̀, bí wọ́n bá ti bi ènìyàn bẹ́ẹ̀, ohun tó kàn ni kó na ọwọ́ kí wọ́n nà án.

"Mi ò sọ pé o gbà á, mi ò sọ pé o ò gbà á. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Àgbà ni mí, ó yẹ kó o ṣàlàyé fún mi."

"Mo ro gígùn ẹ̀ pọ̀ mọ́ fífẹ̀ ẹ̀, mà."

"Ó dáa. Ìyókù ńkọ́?"

"Ìyókù wà lábẹ́."

"Lábẹ́ kí ni?"

"Lábẹ́ ẹ̀ náà, mà."

Ojú ti télọ̀, ó fẹ́ dá sí i, Kí-Nìdí na ìka sí i pé kó dákẹ́. Ó fa ìwé ìròyìn kan yọ lábẹ́ àga, ó gbé e lé orí tábìlì pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. "Ya ọgbà yẹn fún mi."

Abẹ́rẹ́ mú ìwé ìròyìn náà. Kò ronú rárá. Ó ká a sí méjì, ó fi èékánná tẹ ojú ibi tó ti ká a kó lè dúró, ó yí ojú ìká náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì ya ẹ̀gbẹ́ gígùn kan, pẹ̀lú ìdajì fífẹ̀ ní ìhín àti ìdajì fífẹ̀ ní ọ̀hún. Ó wá gbójú sókè bí ẹni tó ti parí iṣẹ́.

"Tí wọ́n bá gé e báyìí," ó ní, "ìyókù á tẹ̀lé e."

Télọ̀ súnmọ́ ọn. Ọwọ́ òun gan-an ló ń wò. Báyìí ni òun ṣe ń ká aṣọ lójoojúmọ́ kí òun tó gé e, láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lábẹ́ tábìlì. Kò sí télọ̀ tó ń ya odidi ẹ̀wù. Ìdajì ni wọ́n máa ń yà, àlùmọ́gàjí á gé òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀, bí wọ́n bá sì ṣí i, odidi ni. Ibo ni ọmọ náà ti máa mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe aṣọ?

Kí-Nìdí bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ìyá Abẹ́rẹ́, kí ni iṣẹ́ yín?"

"Télọ̀ ni mí, mà." Ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni pé èmi ni mo bà á jẹ́? Lẹ́yìn gbogbo ìrìn tí mo rìn, èmi ló tún kàn láti bú?"

"Ta ló sọ pé ó bàjẹ́? Ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa! Aṣọ tí kò sí ló ń ká." Ó wá gba ìwé tó kọ́kọ́ kọ̀ láti wò. Bó ṣe ń ṣí i ni ojú rẹ̀ ń le. "Ìdajì. Ìdajì. Ẹ wò ó, ìdajì tún rèé. Gbogbo èyí tí kì í ṣe ìwọ̀n ló gbà. Bírò ọkùnrin yìí wá ń kọjá lórí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kò dúró, kò béèrè. Ṣé ó ń ka ìwé ni àbí ó ń kun ilé lọ́dà?" Ó fọwọ́ gbá tábìlì. "Ọmọ tó bá ń ṣe àṣìṣe kan náà ní gbogbo ìgbà, ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn! Iṣẹ́ wa ni ká gbọ́. Nǹkan tí wọ́n ń torí ẹ̀ sanwó oṣù fún wa nìyẹn."

Télọ̀ ti ń bínú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí i tí Kí-Nìdí náà ń bínú, ìbínú tirẹ̀ wá rí ibi jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ni Abẹ́rẹ́ ń lọ. Kì í ṣe pé ó rọrùn. Kí-Nìdí á fún un ní okùn dì mú, á ní kó fi yí tábìlì ká, kó yí ilé ìdáná ká, kó yí ìyá rẹ̀ ká níbi tó jókòó sí. Bí ọmọ náà bá sì dé ìdajì, á dúró.

"Ẹ wò ó mà, tí mo bá ti mọ apá kan, kí ni mo tún ń rìn lọ sí apá kejì fún? Bákan náà ni."

"Bákan náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wáyà ò mọ̀ pé bákan náà ni. Tó o bá ra ìdajì, àgùntàn á gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde."

"Tí àgùntàn ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Olè á gbabẹ̀ wọlé. Rìn, jàre!"

Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á rìn. Díẹ̀díẹ̀ ló fi mọ̀ pé kó tó kọ ìdáhùn, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá aṣọ náà ti ṣí. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà bí ìbàdí wọn ṣe pọ̀ tó ní odidi, ìyá rẹ̀ ní láti kìlọ̀ fún un.

Ìdánwò dé. Abẹ́rẹ́ jáde wá, ó ní kò le. Nígbà tí wọ́n pín ìwé, tí wọ́n sì jáde fún ìsinmi ọ̀sán, kò sáré wálé. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó gbé ìwé náà lé orí tábìlì ìgéṣọ, ó lọ dúró sídìí dígí, ó kẹ́yìn sí gbogbo ayé. Télọ̀ ṣí i. Ìdáhùn ń bẹ níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀léra wọn. Ṣùgbọ́n ìlà pupa kan ti gba àárín ojú ìwé kọjá láti igun dé igun, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé: Ó JÍ I WÒ.

Oníbàárà kan wà níbẹ̀ tó ń dúró de bíláúsì. Ó ṣì ń dúró nígbà tí télọ̀ ti dé ìkóríta, tòun ti tépù lọ́rùn, tòun ti píìnì láyà ẹ̀wù, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Kò dúró kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Bírò Pupa wà níbẹ̀, ó ń to ìwé fún màdáámù ọ̀gá.

"Tíṣà," ni télọ̀ wí, "lára ta lọmọ mi ti jí i wò?"

Bírò Pupa wojú màdáámù. "Ẹ rí i, mà? Báwọn òbí ṣe ń ṣe sí wa nìyí."

"Mo ní lára ta! Bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà lẹ ní kó jókòó sí. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣé lára ilẹ̀kùn ló ti jí i wò, àbí lára eruku?"

Màdáámù ọ̀gá gbójú sókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò wo ẹni tó kàn. "Tíṣà, lára ta?"

"Mi ò rí i, mà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tó wá dédé gbà á! Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ní kó há ìdáhùn sórí."

"Ẹ ò rí i." Télọ̀ pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i, ẹ sì kọ ọ́. Nígbà tó kùnà, ẹ ní orí ẹ̀ ò pé. Nígbà tó gbà á, ẹ ní olè ni. Èwo ni kó wá ṣe tó máa tẹ́ yín lọ́rùn? Kó kú?"

"Ìyá, ẹ rọra," ni màdáámù wí. Ó fa ìwé funfun kan yọ, ó nà án sí Abẹ́rẹ́. "Jókòó. Mo fẹ́ fi okùn yí ọ́fíìsì yìí ká lókè, níbi tí ògiri ti bá àjà. Okùn mítà mélòó ni n óò rà?"

Abẹ́rẹ́ jókòó lórí àga tí àwọn òbí máa ń jókòó sí. Ó wo àjà. "Ẹ ò tíì sọ gígùn ẹ̀, mà."

Màdáámù náà wo àjà, ó ní, "Òótọ́ ni. Mẹ́jọ. Ó fẹ̀ ní méje."

Télọ̀ ń wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó di etí tépù mú bí ẹni tó fẹ́ já a. Abẹ́rẹ́ kọ, ó dúró, ó fi ìka fa nǹkan kan nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni ń ṣí aṣọ, ó tún kọ.

"Ọgbọ̀n, mà."

"Kí nìdí?"

"Ẹ̀gbẹ́ yìí àti ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n ògiri mìíràn ṣì wà lẹ́yìn yín àti lẹ́yìn tíṣà, kò ká pọ̀, a gbọ́dọ̀ kà á."

"Ó dáa. Bí ilẹ̀ ọ́fíìsì náà ṣe tóbi tó ńkọ́?"

Ọmọ náà ṣírò. "Mẹ́rìnléláàádọ́ta."

Bírò Pupa sáré dá sí i, "Ẹ gbọ́! Kò gbà á! Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni!"

"Mo gbọ́," ni màdáámù wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Méje lọ́nà mẹ́jọ ló ṣì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì ń ṣì í títí dòní. Ẹni tó há ìdáhùn sórí kì í ṣì í báyìí, tíṣà." Ó fa ìwé ìdánwò náà mọ́ra, ó kọ nǹkan sí i, ó fọwọ́ sí i. "Ó yege. Kò sẹ́ni tó máa dá a padà. Kó kúrò lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà lónìí. Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ máa lọ sẹ́nu iṣẹ́ yín."

Ẹlòmíì ìbá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì máa lọ. Télọ̀ kò lọ.

"Mo dúpẹ́, mà. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Níwájú gbogbo kíláàsì ni tíṣà ti pe ọmọ mi ní olódo. Níwájú gbogbo kíláàsì náà ni mo fẹ́ kó ti sọ pé òun ṣì í."

Bírò Pupa na bírò bí ẹni tí wọ́n ní kó jẹ ẹ́. "Èmi? Kí n bẹ ọmọdé?"

"Kí ló wà níbẹ̀? Òun náà ṣì méje lọ́nà mẹ́jọ, kò sì kú!"

"Ìyá, láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí..."

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń ṣe é, ọmọ mélòó ni ẹ ti lé lọ sídìí máṣíìnì? Mélòó ló ń bá yín sọ̀rọ̀ tí ẹ ò gbọ́? Ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́ wọn ni àbí èébú?"

"Màdáámù, ẹ bá mi sọ fún obìnrin yìí pé..."

"Obìnrin wo? Èmi tí mo bí i ni! Ẹ pè mí bí wọ́n ṣe ń pè mí!"

Màdáámù ọ̀gá dìde láàárín wọn, ó ń sọ pé kí wọ́n jókòó, kò sì sí ẹni tó jókòó. Agogo ilé ìwé dún. Abẹ́rẹ́ wo ìyá rẹ̀, ó wo tíṣà rẹ̀, ó wo aago ara ògiri.

"Màámi, wọ́n ti wọlé o," ó ní.

Ìyá rẹ̀ ń na ìka sí bírò, tíṣà ń na bírò sí ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde. Télọ̀ rí i láti ojú fèrèsé bó ṣe ń gba àárín àgbàlá lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó gbé bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì wọlé lọ, kò wẹ̀yìn wò.